Àálè Tí Ìyá Wa Gbé Kọ́ Ọrùn

Nígbà tí mo kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn ní láti gbé ìkòkò omi rù mí, kò sí ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí bí àálè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Bí ènìyàn bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà oko, tí kò sì lè ru gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò wá ògbólógbòó bàtà kan, tàbí ìkarahun ìgbín, tàbí ṣùkù àgbàdo, yóò fi àkísà pupa so ó, yóò sì gbé e kọ́ orí igi náà. Kò ní fi ẹnu sọ ohunkóhun. Ẹni tó bá ń kọjá lọ ti mọ̀ pé igi yìí ní ẹni tó ni ín, ó sì ti mọ ohun tí yóò dé bá ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ ìkarahun ìgbín ni, ilé olè náà yóò ṣófo bí ìkarahun. Bí ó bá jẹ́ bàtà ni, yóò gbó bí bàtà. Bí ó bá jẹ́ ṣùkù ni, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rẹ̀ dànù bí àgbàdo ti ń rẹ̀ kúrò lára ṣùkù. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Èmi kì í tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ òjìji àálè.

Abúlé wa wà láàárín Òde Rẹ́mọ àti Ṣàgámù, ìdílé olóko obì sì ni wá. Bàbá àgbà, ìyẹn bàbá tó bí bàbá wa, fẹ́ ìyàwó mẹ́ta. Ìyàwó kékeré ló bí bàbá wa. Ìyàálé ló bí ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá wa kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ó wá ku ìyá wa nìkan tó ń tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ti ń di géńdé nígbà náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó mọ igi obì gùn bí tirẹ̀ ní gbogbo agbo ilé wa. Yóò di àdá mọ́ ìbàdí, yóò gun igi náà gòkè, èmi yóò sì dúró nísàlẹ̀, n ó máa ṣa èyí tó bá já sílẹ̀.

Igi obì kan wà lẹ́bàá odò tí bàbá àgbà gbìn ní ọdún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tó ti mọ nǹkan ni bàbá àgbà ti ń sọ fún un pé kó máa ro ìdí igi náà, kó sì máa ká a. Kò sí ẹni tí kò mọ èyí nínú ilé. Nígbà tí bàbá àgbà kú, tí a sì ti sin ín tán, àwọn àgbà pín oko náà ní ìdígi-ìdígi gẹ́gẹ́ bí àṣà wa: àwọn ọmọ ìyá kan gba apá kan, bí wọ́n pọ̀, bí wọn kò pọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n pín in, ẹ̀gbọ́n mi kò sí nílé, ìyá wa ti rán an lọ sí Ṣàgámù pẹ̀lú ẹrù obì. Apá tó wà lẹ́bàá odò bọ́ sọ́dọ̀ ìdígi ìyàálé. Ẹnu ni wọ́n fi là á, wọn kò fi ohunkóhun sàmì sí i. Ìyá wa wà níbẹ̀. Bóyá kò rántí igi náà ni, tàbí bóyá ó rò pé igi tí a gbìn fún ọmọ kò sí lára ohun tí à ń pín, n kò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó lọ ká igi rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà tí ó ń bọ̀, agbọ̀n lórí. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó figbe bọ ẹnu pé òun mú olè, àwọn tó ń lọ sí oko sì dúró, àwọn tó ń bọ̀ láti odò náà dúró.

Àwọn àgbà ilé gbọ́ ẹjọ́ náà kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu wò, wọ́n fọ̀rọ̀ wá ìyá wa lẹ́nu wò, wọ́n sì ní àìmọ̀ ni, kì í ṣe olè. Wọ́n ní kó dá obì náà padà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó dá a padà. Èmi tí mo jókòó ti ìyá wa rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ igbe lójú ọ̀nà oko kò sí níbi tí a ti dá ẹjọ́. Igbe ti dé ọjà kí ìdájọ́ tó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àálè ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ káàkiri agbo ilé wa. Obìnrin tó ń gbin ata sẹ́yìn yàrá wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí kò so nǹkan kan mọ́ ata rẹ̀ rí, so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn. Ẹni tó ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta gbé bàtà tí ẹnu rẹ̀ ti ya sí àárín ẹ̀gẹ́. Ṣùkù àgbàdo yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, ó yọ lórí àká, ó yọ lára òkìtì igi. Mo kíyè sí ohun kan. Wọn kò kọjú àálè wọ̀nyí sí ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gbà wọlé. Ilẹ̀kùn wa ni gbogbo wọn kọjú sí.

Ẹ bá mi rò ó wò, ẹ̀yin tó ń ka èyí. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo ṣílẹ̀kùn, ìkarahun ni mo ń rí, àkísà pupa ni mo ń rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí di ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn bí mo bá ń kọjá láàárín ilé. Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń bà mí jù. Mo máa ń rò pé bí afẹ́fẹ́ bá gbé ewé ata kan lù ú lára, àálè lè ṣèèṣì kà á sí olè, kí ó sì pa á.

Ní Ṣàgámù náà, ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀. Ìyá wa máa ń bá ìyá oníṣòwò obì kan ṣiṣẹ́, mùsùlùmí tó ń di obì fún àwọn Hausa. Ní àgbàlá rẹ̀, àwọn obìnrin á jókòó yí òkìtì obì ká, wọ́n á máa bó awọ funfun kúrò lára rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, kí wọ́n tó kó èyí tó dára sínú agbọ̀n tí a fi ewé gbòdògì tẹ́ nínú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé agbọ̀n wọlé àti jáde. Ní ọjọ́ kan, bó ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rọra sọ pé, “Ẹ kó obì yín mọ́ra o, ọwọ́ ti wọlé.”

Èkejì dá a lóhùn pé, “Ọwọ́ nìkan kọ́, àpò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí obì fi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá wa ń bó obì tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá oníṣòwò náà fi pè é sẹ́yìn, ó ní òun kò ní ohun búburú kankan sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n kó máa dúró síta, àwọn obìnrin ni yóò máa gbé agbọ̀n jáde fún un.

Ọ̀rọ̀ adìẹ kan ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Adìẹ obìnrin aláta yìí sọnù. Tààrà ni àwọn ará agbo ilé wá sílé wa, wọ́n tú orí ẹní wa, wọ́n tú inú ìkòkò, wọn kò rí ìyẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ṣépè fún ara rẹ̀ pé òun kò rí adìẹ náà, wọ́n ní bí olè ṣe ń ṣépè nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, adìẹ yìí jáde láti inú igbó ẹ̀yìn ilé, ó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń ké ṣíoṣío. Ibi tó ti lọ sàba ni kò sí ẹni tó mọ̀. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ pe ìyá wa. Mo rò pé wọn yóò wá bẹ̀ wá. Dípò bẹ́ẹ̀, obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá kọjá pé àálè òun le, pé ẹ̀rù ti ba ẹni tó gbé e, ó ti lọ dá a padà. Ti àwọn ọmọ adìẹ náà ńkọ́? Kò sí ẹni tó bi í.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ pé òun kọ́ mọ́. Bí nǹkan bá sọnù tí wọ́n bá wá, yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn, yóò sì jókòó sórí àpótí títí wọn yóò fi tú ilé tán. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yìí bà mí lẹ́rù ju ariwo wọn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ ní Ṣàgámù. Àwọn ọmọkùnrin kan wà ní ibùdókọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń já ẹrù láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, tí àwọn èèyàn sì mọ̀ pé wọn kì í já gbogbo rẹ̀ fún olówó rẹ̀. Orúkọ olè tí wọ́n fi ń lé e nílé ni àwọn yẹn fi ń kí i káàbọ̀. Lọ́jọ́ kan ó wọ ẹ̀wù tuntun dé. Ìyá wa bi í níbi tó ti rí i. Ó dáhùn pé, “Ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí jù yín lọ.” N kò gbọ́ kó dá ìyá wa lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá wa kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó pè mí mọ́ra, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí iná tó ń jó bọ̀ láti oko. Èmi náà mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ rẹ̀ ló ń bẹ̀rù mọ́, bí kò ṣe pé ọmọ náà ti fẹ́ gbà á gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni ohun náà dé. Ìyá wa wà ní Ṣàgámù. Mo wọ yàrá lọ láti mú ẹní, mo sì bá ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀ tó kúnlẹ̀ ti agbọ̀n obì ńlá kan. Ewé gbòdògì tó bò ó ṣì tutù. Mo mọ agbọ̀n náà, nínú àká ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló máa ń wà. Àálè ṣì wà lára rẹ̀, ìkarahun ìgbín tí a fi àkísà pupa so. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo dúró sí.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dá a padà.”

Kò bínú sí mi. Ó rọra dáhùn ni, bí ẹni tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọdé. “Obì tí mo ká lórí igi mi, mo dá a padà. Adìẹ tí n kò fojú rí, wọ́n ní mo dá a padà. Èyí tí mo jí gan-an, kí wọ́n jẹ́ kí n mú un.”

Ó wá ti ìka rẹ̀ bọ inú ìkarahun náà níṣojú mi. Ó ní, “Wò ó. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.”

Mo tẹjú mọ́ ìka náà. Mo ń dúró kó wú, mo ń dúró kó dúdú, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn tó ń bọ̀ láti ìta. Wọ́n ti tọ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló ṣíwájú, àwọn ọ̀dọ́ tó mú kùmọ̀ lọ́wọ́ tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi kò sá. Bí wọ́n ti ń fà á jáde ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ti wí i láti ọjọ́ yẹn, pé wọn kò gbọ́, pé ṣé wọ́n ti rí i báyìí. Lóòótọ́, wọ́n ti rí i. Ìyẹn ló mú kí ó burú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, ohun tí a ń ṣe fún olè ni pé a ó fi èédú kun ojú rẹ̀, a ó gbé ohun tó jí rù ú, a ó sì fà á yí abúlé ká, àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ yóò máa kọrin tẹ̀lé e. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún àjèjì kan rí. Wọ́n fi òkò lé e jáde, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kun ojú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gbé agbọ̀n rù ú, àálè ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, nígbà tí ìyá wa dé láti Ṣàgámù.

Mo retí pé yóò kúnlẹ̀ fún wọn, kó sunkún. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ni. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ìwọ lo mú un?”

“Èmi ni, ìyá mi.”

Ó na ọwọ́ sókè, ó tú àálè náà kúrò lára agbọ̀n, ó sì gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ó sì pè é bí ìyàwó ilé ti ń pe ará ilé ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ọkọ mi, èmi tí mo bí i ni kó ṣíwájú. Ẹ máa kọrin.”

Ó bọ́ sí iwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Èmi di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, n kò wo ọ̀tún, n kò wo òsì. Àwọn ọ̀dọ́ náà dá orin. Ṣùgbọ́n bí orin náà ti ń jáde, ara ìyá wa ló kọ́kọ́ ń bà. Nínú àwọn tó mú kùmọ̀ lọ́wọ́, àwọn kan wà tí ó pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń ṣe òjòjò, àwọn kan wà tí ó ń bu ẹ̀kọ fún lójoojúmọ́ nígbà tí ìyá wọn wà ní oko. Ohùn kan dákẹ́, òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tí a fi dé iwájú ilé ìyàálé, ìyá tó bí ẹ̀gbọ́n bàbá wa gan-an, ẹsẹ̀ nìkan la ń gbọ́ nínú ẹrẹ̀. Ìyá arúgbó náà jókòó lórí pèpéle, ó wò wá láti òkè dé ilẹ̀. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, “Èwo nínú wọn lẹ ń kọrin fún?”

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní kí wọ́n gbé agbọ̀n òun wá, kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀.

Ìyá wa kò fi falẹ̀ rárá. Ó wẹ èédú kúrò lójú ẹ̀gbọ́n mi, ó di aṣọ rẹ̀ sínú ìdì kan, a sì gba ọ̀nà Ìlárá, ìlú tí wọ́n ti bí ìyá wa, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa tó jẹ́ káfíńtà ń gbé níbẹ̀. Ìyá wa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, èyí tó jẹ́ irọ́ àti èyí tó ti di òtítọ́. Mo ń rò pé yóò lé wa. Ó béèrè bóyá a ti jẹun. Nígbà tí a jẹun tán, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan láti inú àpò, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Ayùn àti ìṣó wà nínú yàrá yẹn. Ìwọ ni wàá máa ṣí i láàárọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ́kọ́ gbà á. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà bí mo ṣe ń wo àálè.

N kò fẹ́ sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Èmi àti ìyá wa padà sí abúlé, a sì fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ níbẹ̀; ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń bẹ̀rù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti Ìlárá dé, n ó máa tẹ̀lé e kiri títí yóò fi jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, ìyá wa wúkọ́, mo sì lọ sunkún lẹ́yìn ilé, torí mo rò pé àálè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára rẹ̀. Ikọ́ náà lọ. Ìròyìn tí mò ń bẹ̀rù láti Ìlárá kò dé. Ohun tó dé ni àpótí ìjókòó kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n mi kàn fún mi, lẹ́yìn náà tábìlì fún ìyá wa. Àwọn ará Ìlárá kò mọ orúkọ mìíràn fún un ju káfíńtà lọ, iṣẹ́ yẹn ló sì ṣe títí ó fi darúgbó.

Nígbà tí ìyá wa kú, òun fúnra rẹ̀ ló kan pósí tí a fi sin ín, ó sì gbé e wá sí abúlé wa. Orí rẹ̀ ti funfun nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti kú, obìnrin aláta náà ti kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọrin ti kú. Bó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn àlejò, mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń kó bàtà àwọn èèyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọ yàrá lọ. Mo bi í ní ohun tó ń ṣe. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé wọ́n ní olè ni bàbá yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ó yí ojú rẹ̀ sí ìta. Nígbà tí a sin ìyá wa tán, kò sùn ní abúlé mọ́jú. Ìlárá ló padà sí.

Ayé ti yí padà báyìí. Kò sí ẹni tó ń gbé ìkarahun kọ́ ata mọ́. Irin ni wọ́n fi ń dí fèrèsé, ajá ni wọ́n ń so mọ́ ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ni, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, wọ́n mú un jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá títì ní Ṣàgámù, wọ́n ní ó jí nǹkan. Mo béèrè bóyá ó jí i lóòótọ́. Ó ní òun kò mọ̀, pé àwọn tó wà ní Èkó ti rí i, àwọn tó wà lókè òkun ti rí i, gbogbo wọn sì ń bú u. Ẹ̀rù tí mo rò pé mo ti fi sílẹ̀ ní ìgbà èwe mi tún gbá mi mú lọ́rùn. Ní ayé tiwa, orúkọ burúkú ń fi ẹsẹ̀ rìn ni. Ìyá lè fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n rìn kíákíá jù ú lọ, kí wọ́n sì bá ẹni kan tí yóò bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ọmọ inú fóònù yìí, ìlú wo ni yóò rìn dé?

Mo bi ọmọ ọmọ mi pé níbo ni ìyá ọmọ náà wà. Ó fi ìka fa àwòrán náà gòkè, ó fà á sọ̀kalẹ̀, ó wá ní òun kò rí i níbẹ̀.